Ìtọ́jú Tí Kò Ní Ṣíífù

Bí ẹ bá dúró sójú ọ̀nà Ọba Akran ní Ìkẹjà ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, ẹ ó rí ọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ méjì tó ń pàdé ara wọn lẹ́nu géètì. Àwọn kan ń wọlé, kúlà oúnjẹ wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan ń jáde, ojú wọn pọ́n, ẹsẹ̀ wọn wú. Bó ṣe máa rí náà nìyẹn ní aago méje alẹ́. Ẹ̀rọ tó ń yọ ike, tó ń yan bisikíìtì, tó ń di ọṣẹ sínú ọ̀rá kì í sùn; èèyàn tó ń dúró tì í ni wọ́n ń pààrọ̀. Kò sí ọ̀gá kọ́ńpìnnì kan, bó ti wù kó le tó, tó máa ní kí ẹnì kan ṣoṣo dúró ti ẹ̀rọ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú láìsinmi. Ó mọ̀ pé ìka ẹni náà ni ẹ̀rọ máa gé lọ.

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí wà lára àwọn tó máa ń jáde láàárọ̀. Ó gbà kí n sọ ọ́, ó ní kí n má ṣáà dárúkọ òun tàbí ibi iṣẹ́ òun. Gbogbo ilé tó ń gbé ní Òkè-Kọ̀tọ́, l'Ágége, Àǹtí ni wọ́n ń pè é, nítorí náà Àǹtí ni mo máa pè é. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ọmọ méjì ló bí, ọkọ rẹ̀ sì ń wa tírélà lọ sí òkè Ọya, èyí tó túmọ̀ sí pé kì í sábà sí nílé.

Ní ọdún 2021, rọpárọsẹ̀ kọlu màmá rẹ̀ n'Ílarò. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kọṣẹ́, ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n gbé wọn wá sí Èkó, wọ́n lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní ọsibítù, dókítà sì ní kí wọ́n máa lọ sílé, kí wọ́n máa lo oògùn, kí wọ́n máa wá ṣe eré ìdárayá fún apá àti ẹsẹ̀. Ilé wo? Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pe ara wọn lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin wà l'Ábújá, níbi iṣẹ́ ìjọba. Àbúrò wọn obìnrin ń ṣe tíṣà n'Íbàdàn. Ìpàdé náà kò pẹ́ rárá. Wọ́n ní, "Ìwọ lo sún mọ́ ọsibítù jù. Ìwọ lara Màámi mọ́ jù. Gbà wọ́n fúngbà díẹ̀ ná, kí ara wọn fi mókun."

Ìgbà díẹ̀ náà di ọdún mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ kan ṣe ń rí, torí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ pé "ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀" bí ẹni pé ohun tó kéré ni. Bí Àǹtí bá ti ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, pámpásì ló máa kọ́kọ́ tú. Á gbé omi kaná, á nu ara màmá láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, á yẹ ìbàdí wọn wò bóyá awọ ara ti ń pọ́n, nítorí egbò tí ìdùbúlẹ̀ bá dá síbẹ̀, kì í tètè jinná. Á gbé wọn jókòó, á fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn wọn, kó tó fún wọn ní ògì díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí kékeré, torí bí wọ́n bá mu ún ní ìdùbúlẹ̀, ó lè gba ibi tí kò yẹ, kó há wọn. Á wá yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Lẹ́yìn wákàtí méjì, á yí wọn sí ọ̀tún. Aago fóònù rẹ̀ ló fi ń ka wákàtí méjì méjì yẹn, tọ̀sán-tòru ní ọjọ́ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Láàárín rẹ̀ ló ń fọ aṣọ, tó ń pọn omi, tó ń dáná fáwọn ọmọ, tó ń sùn díẹ̀ lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóòmù màmá, iná ò sí, yàrá náà sì ń gbóná bí ààrò. Nígbà tí ó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, á wẹ̀, á fa màmá lé ọmọ aládùúgbò kan tó ń múra ìdánwò JAMB lọ́wọ́, tó ń fún ní owó díẹ̀, á sì gba ibi iṣẹ́ lọ láti dúró ti ẹ̀rọ di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Òun ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi òun sí iṣẹ́ alẹ́ kí òun lè wà nílé lọ́sàn-án. Ọ̀gá rẹ̀ rò pé owó àfikún ló ń wá.

Àlejò kì í wọ́n. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń wá, àwọn ará ilé ń wá, àwọn èèyàn láti Ìlarò náà ń wá. "Màmá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń jẹun? Olúwa á gbé wọn dìde." Wọ́n á wá kọjú sí Àǹtí: "O ṣeun, ọmọ dáadáa. Ọmọ tìẹ náà á tọ́jú ẹ." Àdúrà rere ni, mi ò sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn ò kọ́ ní ìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó wọlé tó jáde fún ọdún mẹ́ta, Àǹtí ní òun ò rántí ẹnì kan tó bi òun pé, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o sùn lánàá?" Ìyìn tí wọ́n ń kó fún un pàápàá di ẹrù. Ẹni tí gbogbo ayé ti pè ní ọmọ dáadáa, báwo ló ṣe máa lanu sọ pé ó ti sú òun?

Ní ọdún 2022, àbúrò rẹ̀ fi Ìbàdàn sílẹ̀. Oṣù Kejì ọdún náà ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àwọn tó ń tọ́jú arúgbó àti aláìsàn kún àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń fún ní físà, ọ̀pọ̀ tíṣà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ báńkì láti ilẹ̀ Yorùbá sì bá ọ̀nà náà lọ. Iṣẹ́ kẹ́à ló ń ṣe lọ́hùn-ún: ó ń wẹ ìyá oníyàá fún wọn, ó ń pààrọ̀ pámpásì, ó ń fún wọn lóúnjẹ. Òun ló sọ fún Àǹtí lórí fóònù pé bí arúgbó kan ò bá lè dìde fúnra rẹ̀, ẹni méjì ni wọ́n ń rán láti gbé e, pé bí ṣíífù òun bá ti parí, ẹlòmíì á dé, òun á sì gba ilé lọ. Iṣẹ́ ọ̀hún nira, òun náà máa ń sunkún nínú bọ́ọ̀sì. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó retí pé kí òun nìkan dá gbé ìyá ẹlòmíì. Ìyá tiwọn ni wọ́n ní kí ẹnì kan ṣoṣo máa dá gbé, lórí ìdúró, lẹ́yìn wákàtí méjìlá níwájú ẹ̀rọ. Ọmọ ìyá méjì, iṣẹ́ kan náà: ọ̀kan ní ṣíífù, ọ̀kan ò ní.

Àbúrò náà ń fowó ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n wọn náà ń ṣe díẹ̀. Owó oògùn ni, owó pámpásì ni, owó ọsibítù ni. Kò sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kí ẹnì kan lè wá gba Àǹtí sílẹ̀ fún ọjọ́ kan. Kò wá sí wọn lọ́kàn, òun náà ò sì béèrè. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó ọkọ̀ fò sókè, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn láti Ọba Akran dé Pen Cinema lọ́pọ̀ àárọ̀, kó lè rí owó pámpásì pé. Wákàtí tí ì bá fi sùn ló fi ń rìn.

Àkókò yìí ni ohun tó ń dùn ún jù lọ títí di òní ṣẹlẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ aṣọ tó wà lórí fóòmù tán ni. Omi ti tán nínú kẹ́ẹ̀gì. Kó tó na ẹ̀yìn, màmá tún ti ṣe é sára. Àǹtí ní òun ò mọ ìgbà tí ọwọ́ òun gbéra. Òun ṣáà gbọ́ tí ó dún lórí itan màmá. Màmá wò ó. Pẹ̀lú ẹnu tí ọ̀rọ̀ ò já geere mọ́, wọ́n ní, "Má bínú, ọmọ mi."

Ó jáde lọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run lè dárí jì í, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń yí màmá ní wákàtí méjì méjì, kò sì fi nǹkan kan sẹ́nu títí di ìrọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ burúkú nínú ọkàn rẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, torí mo mọ̀ pé àwọn kan tó ń ka ìwé yìí ti ṣe irú rẹ̀ rí, wọ́n sì ń fi pamọ́. A ò gbọ́dọ̀ na aláìsàn; mi ò wí àwíjàre fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sùn fún oṣù àti oṣù, tí kò sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ju "ṣé màmá ti jẹun" lọ, inú máa ń bí i ju bó ṣe yẹ lọ, ó máa ń gbàgbé nǹkan, omijé máa ń bọ́ lójú rẹ̀ láìnídìí, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ìfẹ́ ìyá ò tán nínú rẹ̀. Ara àti ọkàn rẹ̀ ló ti kọjá ibi tí wọ́n lè gbé e dé. Bí ẹnì kan bá ti rí àwọn àmì yẹn lára rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, tó sì ní kó lọ sùn lọ́jọ́ Sátidé kan péré, bóyá ọwọ́ náà ò ní gbéra.

Ọkùnrin tó ní kẹ́mísì ní ojúlé kejì ló kọ́kọ́ rí i pé ara Àǹtí ò dá. Sátidé Sátidé ló máa ń wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá, tí Àǹtí á sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tó so kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọjọ́ kan, ó wọn ti màmá: 140 lórí 80. Ó wo ojú Àǹtí, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n wọn tiyín náà." Ó kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tí ó jókòó, ẹ̀rọ náà gbé 190 lórí 120 jáde. Ọkùnrin náà rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, ó wọn ọ́n ní apá kejì. Ohun kan náà ni. Ó ní kó dìde kó máa lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Èsì Àǹtí ni pé, "Ta ló máa dúró ti Màámi?" Kò lọ. Oògùn màmá ló bẹ̀rẹ̀ sí í lò, tí ó bá fún wọn ní hóró kan, á gbé hóró kan mì. Ìwà tó léwu gan-an ni: oògùn tó bá ara arúgbó mu, tí dókítà ti díwọ̀n fún un, lè máà bá ara ẹlòmíì mu rárá.

Nínú ìwé kékeré yẹn, tí mo ti fojú ara mi rí, ti màmá kún ojú ewé dé ojú ewé. Ti Àǹtí jẹ́ ìlà kan péré, òun kọ́ ló sì kọ ọ́ síbẹ̀.

Ohun tó ṣe é yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ní ọdún 1999, àwọn olùwádìí méjì ní ìlú Pittsburgh l'Ámẹ́ríkà, Richard Schulz àti Scott Beach, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn àgbàlagbà tó ń tọ́jú ọkọ tàbí aya wọn tí ara rẹ̀ ò dá. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi tẹ̀ lé wọn. Àwọn tí ìtọ́jú náà ń ni lára, ewu pé kí wọ́n kú láàárín ọdún mẹ́rin yẹn fi ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ojúgbà wọn tí kò tọ́jú ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn tó ń ṣe ìtọ́jú ṣùgbọ́n tí kò ni wọ́n lára kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí a rí dáadáa: ìtọ́jú fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń pani, ìnira tí kò sí ẹni tó bá ọ pín in ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, orí Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ó ní ó ń ṣe òun bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, tó ń dún, tó sì ń sọ̀kalẹ̀ wá sí ọrùn. Àwọn ará ilé ní ọdẹ orí ni, pé ẹnì kan ló rán an sí i. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni náà kiri láàárín àwọn ìyàwó ilé. Àìsàn tí wọ́n ń ṣàpèjúwe yẹn wà lóòótọ́. Dókítà R. O. A. Makanjuola kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní ọdún 1987, pé àwọn Yorùbá tí ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí ìpayà bá ti wọ̀ lọ́kàn sábà máa ń fi orí gbígbóná àti ohun tó ń rìn lórí sọ ọ́. Ara ló ń sọ ohun tí ẹnu ò lè sọ. Dípò kí wọ́n bi Àǹtí pé kí ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn, ọ̀tá ni wọ́n ń wá.

Màmá kú ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, lójú oorun, wọn ò ní egbò kankan lára. Àwọn tó wẹ òkú wọn ló sọ bẹ́ẹ̀, ìyàlẹ́nu ló sì jẹ́ fún wọn.

Ìnáwó náà tóbi. Ẹ̀gbọ́n ti Abújá dé, àbúrò ti ìlú òyìnbó dé. Kánópì kún ọ̀nà, aṣọ ẹbí wà, wọ́n pa màlúù, olórin ń ki àwọn ọmọ olóòkú, gbogbo ènìyàn ń sọ pé ẹni ọmọ sin ló bímọ. Àǹtí jó, wọ́n sì ná an lówó. Mo bá a ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà: owó màlúù yẹn nìkan ì bá san owó ẹni tó máa wá gbà á sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Owó náà kò sí nígbà tí màmá wà láàyè. Nígbà tí wọ́n kú ni àwọn ọmọ yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Àìlówó wa ò tó bí a ṣe rò. Ọwọ́ wa là sí òkú ju alààyè lọ.

Gbogbo wọn padà síbi tí wọ́n ti wá. Ìgbà yìí gan-an ni Àǹtí wó.

Kò sí ẹni tó máa yí mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń jí ní wákàtí méjì méjì. Ó sọ fún mi pé ìgbà tí màmá mí èémí ìkẹyìn, ohun àkọ́kọ́ tó wọ òun lọ́kàn ni pé, "Mo lè sùn báyìí." Ìrònú yẹn ló wá ń fi ìyà jẹ ẹ́. Ó gbà pé òun ló fẹ́ kí ìyá òun kú. Ó dẹ́kun wíwẹ̀. Kò dáná. Ibi iṣẹ́ retí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì fi ẹlòmíì sí ipò rẹ̀. Kásúà ni, kò sí ìwé tó dè wọ́n. Wọ́n gbé e lọ síbi ìṣọ́ òru, wọ́n gbé e lọ sórí òkè àdúrà, wọ́n ní ẹ̀mí màmá ló ń bá a jà.

Obìnrin kan wà ní ilé náà tó ń kiri búrẹ́dì Agége. Òun ni Àǹtí sọ fún lálẹ́ ọjọ́ kan pé ó wu òun kí òun sùn, kí òun má jí mọ́. Obìnrin náà kò wàásù fún un. Kò ní kó má sọ bẹ́ẹ̀, kò ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" kó wá gba yàrá rẹ̀ lọ. Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ṣé o ti ń rò ó láti ṣe ara ẹ léṣe?" Àǹtí mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin náà kó gbogbo oògùn tó ṣẹ́ kù láti ìgbà màmá kúrò ní yàrá náà, ó tẹ́ ẹní, ó sùn tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀ ó gba fóònù rẹ̀, ó pe Abújá: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú àárọ̀. Ẹ wá gbé àbúrò yín lọ sí ọsibítù. Òní ni o, kì í ṣe ọ̀la." Obìnrin yìí kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ṣe ló tọ̀nà, àti bíbéèrè tó béèrè, àti àìfi í sílẹ̀ nìkan, àti oògùn tó kó kúrò nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n náà kọ́kọ́ lọ́ra. Ohun tí ń ba ọ̀pọ̀ wa lẹ́rù ló bà á lẹ́rù: kí wọ́n má lọ gbọ́ ní ilé pé wọ́n gbé ọmọ wọn lọ sí "Yaba Left". Láti ọdún 1907 ni ilé ìwòsàn ọpọlọ ti wà ní Yábà, títí di òní ni a sì fi orúkọ rẹ̀ ń bú ara wa. A rò pé àwọn tó ń jára sí ìhòhò ní títì nìkan ló wà fún. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ ní ọsibítù ìjọba, àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kò yàtọ̀ sí àwọn tó wà nínú dáńfó: akẹ́kọ̀ọ́, ìyá ọlọ́mọ, ọkùnrin kan tó wọ táì. Wọ́n fún Àǹtí ní oògùn, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ṣe, wọ́n sì ní kó máa wá bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ẹni yẹn ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó dún lórí itan màmá yẹn. Ó gba oṣù púpọ̀ kí oorun tó padà sójú rẹ̀.

Bí mo bá ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí, Àró, l'Ábẹ́òkúta, ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, rí i pé ilé ìwòsàn ọpọlọ tí wọ́n ń kọ́ fún un kò tíì parí, aláìsàn sì ń pọ̀ sí i. Ó lọ bá àwọn baálẹ̀ abúlé tó yí Àró ká. Àdéhùn wọn ni pé kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú láàárọ̀, kí wọ́n máa padà lọ́sàn-án láti bá wọn ṣiṣẹ́ oko. Ṣùgbọ́n ó fi òfin kan lé e: aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, ẹni tó máa dáná fún un, tó máa fọ aṣọ rẹ̀, tó máa mú un lọ tó sì máa mú un bọ̀.

Ayé gbọ́ ohun tí Lambo ṣe yìí, òun náà sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà. Aláìsàn ni àwọn tó ń yìn ín sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Èmi, ẹbí tó tẹ̀ lé wọn ni mo ń wò. Ìyá tó fi oko àti ọjà rẹ̀ sílẹ̀ láti tẹ̀ lé ọmọ lọ sí Àró pàdánù nǹkan púpọ̀, mi ò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, kò dá wà. Yàrá kejì ní ìyá mìíràn tí ọmọ tirẹ̀ náà ń ṣàìsàn. Onílé wà níbẹ̀ tó ń gba owó ilé, tó sì mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ilé ìwòsàn yá àwọn ará abúlé lówó láti kọ́ yàrá kún yàrá, ó bá wọn ṣe omi. Nọ́ọ̀sì ń yíká. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, ojú á rí i. Ìtọ́jú abúlé yẹn ní ẹni tó ń tọ́jú nínú ìṣirò rẹ̀.

Irú abúlé bẹ́ẹ̀ kò sí ní Òkè-Kọ̀tọ́. Láti àwọn ọdún 1950, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ Ìkẹjà sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́, ni àwọn èèyàn láti Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Yewa, ilẹ̀ Ìgbò àti Kutonu ti ń wá iṣẹ́ síbẹ̀, tí wọ́n sì ń gba yàrá kọ̀ọ̀kan ní Agége, Ògbà àti Ìfàkò. Owó oṣù ni wọ́n wá wá. Àbúrò ìyá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n, ọmọ ìyá ìyá, gbogbo àwọn tó máa ń gba aláìsàn lọ́wọ́ ara wọn, ilé ni wọ́n fi wọ́n sí. A gbé àṣà ìtọ́jú òbí wá sí Èkó, a ò gbé àwọn èèyàn tó ń jẹ́ kó ṣeé ṣe wá. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, a mọ̀ ọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà la ń dá lẹ́bi nígbà tí ẹrù bá já.

A ò ní dókítà ọpọlọ tó pọ̀. Àwọn fúnra wọn máa ń sọ pé àwọn ò tó 300 fún gbogbo Nàìjíríà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò Òfin Wèrè ti 1958, mo sì gbà pé ìgbésẹ̀ rere ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò lè yí màmá ẹnikẹ́ni sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lóru. Ohun tí ń fún mi ní ìrètí jù ni ti Zimbabwe. Ní ọdún 2006, Dókítà Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà mẹ́rìnlá ní Mbare, ní Harare, bí wọ́n ṣe máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta ilé ìwòsàn, kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ìrònú ti wọ̀ lọ́kàn, kí wọ́n sì bá a wá ojútùú sí ìṣòro kan lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n dán an wò dáadáa, tí ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2016, ara àwọn tó bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ yá ju ti àwọn tí kò rí wọn lọ. Ìyá oníbúrẹ́dì yẹn ì bá ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Agége kún fún irú wọn, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sáláṣí, nínú ẹgbẹ́ alájọ.

Àǹtí ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ní kọ́ńpìnnì mìíràn, iṣẹ́ àárọ̀ ni. Ní ọdún tó kọjá, àtọ̀gbẹ mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ àbúrò màmá wọn obìnrin n'Ílarò, ìpè ẹbí sì tún wáyé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀: "Ìwọ lo ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é..." Àǹtí ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kí a tó sọ ilé tí wọ́n máa gbé, ẹ jẹ́ kí a sọ ẹni tó máa wà níbẹ̀ àti ọjọ́ tó máa wà níbẹ̀. Èmi á lọ ní Sátidé, màá sì sùn níbẹ̀ mọ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Ta ló mú àwọn ọjọ́ tó kù?"

Inú ẹ̀gbọ́n náà kò kọ́kọ́ dùn. Àbúrò wọn ló gba ọ̀rọ̀ náà láti ìlú òyìnbó, ó ní bí òun ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ gan-an nìyẹn, kò sì mọ ìdí tí wọn ò fi ṣe é fún Màámi. Nígbà tí ìpè náà máa parí, ẹ̀gbọ́n ti gbà láti san owó obìnrin kan ládùúgbò tó máa wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, àbúrò gba owó oògùn, ọmọ ìyá aláìsàn méjì pín àwọn alẹ́ láàárín ara wọn. Àǹtí kọ gbogbo rẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí, orúkọ àti ọjọ́, ó sì fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀: Sátidé Sátidé, kí ẹni tó bá wà níbẹ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ náà.